Bí ẹ ṣe máa ṣọ́ èèyàn yín ní wọ́ọ̀dù kí wọ́n má lọ fún un ní oògùn tí kì í ṣe tiẹ̀

Àìmọye èèyàn ló ń kùnà nǹkan yìí ní Ìkòròdú wa níbí. Wọ́n á gbé màmá dé ọsibítù, wọ́n á gba káàdì, wọ́n á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Sábó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún fún màmá láàárọ̀ yìí, wọ́n á ní "abẹ́rẹ́ kan báyìí, omi ẹ̀ funfun". Ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni òmíràn, wọn ò mọ̀. Wọ́n jókòó ti aláìsàn lóòótọ́, wọn ò ṣọ́ ọ.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú aláìsàn 10 tó ń gba ìtọ́jú, bí ẹnì 1 ni ìtọ́jú náà fúnra ẹ̀ máa ń ṣe ní jàǹbá, oògùn sì wà lára ohun tó ń fà á jù. Kì í ṣe pé nọ́ọ̀sì burú o. Nọ́ọ̀sì kan lè máa mójú tó wọ́ọ̀dù tó kún bámú, iná lè lọ láàárín òru, orúkọ aláìsàn méjì lè jọra, páálí oògùn méjì lè jọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì lẹ lè yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀kejì, torí aláìsàn kan ṣoṣo ló wà lójú tiyín.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Ìwé kékeré kan àti báírò méjì, torí ọ̀kan á sọnù. Fóònù tó ń ya fọ́tò, tí iná wà nínú ẹ̀ dáadáa. Tọ́ọ̀ṣì kékeré fún òru. Aago, ti fóònù náà tó. Sẹ́lótéèpù àti máákà. Sanitáísà. Nylon kan tí ẹ máa kó gbogbo oògùn tó ń lò nílé sí, pẹ̀lú páálí wọn. Tó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ mú ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn sírọ́ọ̀pù tàbí sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ẹ tún yan èèyàn kan tó máa di ìwé náà mú ní ọ̀sán àti ẹnì kan ní òru, kí ó má di pé mọ̀lẹ́bí márùn-ún ń wọlé wọ́n ń jáde, kálukú ń rò pé ẹnìkejì òun ló kọ ọ́.

1. Ẹ kọ ojú ewé àkọ́kọ́ kí ẹ tó kúrò nílé

Sójú ewé yìí, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bí i, bó ṣe wọ̀n tó ní kílò, blood group àti genotype tí ẹ bá ní ìwé láàbù tó gbé e. Àìsàn tó ti ní tẹ́lẹ̀, ìfúnpá ni o, ṣúgà ni o, asthma ni o, ọgbẹ́ inú. Iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe rí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ kọ gbogbo oògùn tó ń lò, ẹ má dá a kọ látorí, inú páálí ni kí ẹ ti wò ó kọ: orúkọ, iye mg, ìgbà mélòó lójúmọ́, àti aago tó lò ó kẹ́yìn.

Ohun tí ara ẹ̀ kọ̀ ni kí ẹ fi máákà kọ gàdàgbà. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní "penicillin ni ara bàbá kọ̀", wọ́n á wá ra Ampiclox tàbí Augmentin wá, wọn ò mọ̀ pé ọmọ penicillin ni méjèèjì. Septrin àti Fansidar náà, oògùn sulfa ló wà nínú àwọn méjèèjì, ẹni tí ara ẹ̀ kọ ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìkejì. Nítorí náà ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i pẹ̀lú: ṣé ara ló yún un, ṣé ojú ló wú, ṣé èémí ò já gaara, ṣé awọ ara ló ń bó. Ẹni tí Chloroquine ń mú ara ẹ̀ yún àti ẹni tí Septrin bó láwọ, ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba rárá.

Ọ̀rọ̀ àgbo wá kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́. Àgbo ibà, àgbo jẹ̀dí, ohun tí màmá kan gbé wá láti Ìmọ̀tà, ohun tí wọ́n rà ní gáréèjì, ẹ sọ ọ́, ẹ sọ ìgbà tó mu ún kẹ́yìn. Àgbo míì lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tí wọ́n bá wá gún insulin, abẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, lé e lórí láìmọ̀, aláìsàn lè dákú. Dókítà lè bínú díẹ̀, ẹ jẹ́ kó bínú, ó máa mọ ohun tó máa ṣe.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹnì kan nínú ilé tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń kọ ọ́ ní ìwé náà. Tó bá lè ka gbogbo ẹ̀ láìbi yín ní ìbéèrè, ó ti dáa. Ẹ yà á ní fọ́tò.

2. Orúkọ, orúkọ, orúkọ

Ní tiwa, orúkọ ọmọ la fi ń pe èèyàn. Nínú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ẹ lè bá Ìyá Wàhíd méjì, Alhaja mẹ́ta, Ìyá Ìbejì náà á wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì á dé ẹnu ọ̀nà, á ní "Alhaja dà?", ẹ̀yin náà á ní "àwa rèé o". Àṣìṣe ti wọlé nìyẹn. Ẹ má fi "bẹ́ẹ̀ ni" dá ìbéèrè orúkọ lóhùn. Ẹ̀yin ni kí ẹ pe orúkọ náà jáde: orúkọ ẹ̀, orúkọ bàbá tàbí ọkọ, ọjọ́ ìbí, kí nọ́ọ̀sì fi wé ohun tó wà nínú fáìlì tó dì mú. Àwọn agbàlagbà máa ń jẹ́ "hẹ̀ẹ́n" sí orúkọ èyíkéyìí tí ara ò bá yá, torí náà ẹ má fi màmá nìkan sílẹ̀ láti dáhùn.

Tí ọsibítù bá ní báńdì ọwọ́, ẹ kà á kí wọ́n tó so ó. Tí kò bá sí, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè lẹ orúkọ mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì, sẹ́lótéèpù yín nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé aláìsàn kúrò ní bẹ́ẹ̀dì kan sí òmíràn, ẹ gbé orúkọ náà dání, torí ọ̀pọ̀ ló ń pe aláìsàn ní nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì, ẹlòmíì á sì ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ tó wà lórí fáìlì, lórí báńdì, lórí ìwé láàbù àti lórí ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà, ṣé ọ̀kan náà ni, títí dórí sípẹ́lì? Ẹ wo ti ìgò ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ojú bẹ́ẹ̀dì ni kí wọ́n ti kọ orúkọ sí i lára, kì í ṣe orí tábìlì lọ́hùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ti fa ti ẹni mẹ́ta.

3. Tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ra oògùn wá

Èmi gbà pé ibí ni ewu pọ̀ sí jù, torí pé ọwọ́ yín ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, kò sí nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Wọ́n á já bébà pélébé kan lé yín lọ́wọ́, ẹ ó sáré bọ́ síta, fámásì àkọ́kọ́ á ní kò sí, ìkejì á ní "èyí ṣáà ń ṣe iṣẹ́ kan náà", ẹ ó rà á torí pé màmá ń jẹ̀rora nílé ìwòsàn.

Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó kọ ọ́, ẹ ka bébà náà sí i létí. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ eléyìí? Mg mélòó? Hóró ni àbí abẹ́rẹ́? Kí ló ń ṣe fún wọn?" Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Oògùn tórúkọ wọn jọra pọ̀: Chlorpropamide wà fún ṣúgà, Chlorpromazine wà fún àrùn ọpọlọ. Lasix ń mú èèyàn tọ̀, Losec wà fún ọgbẹ́ inú. Tí ẹ bá mọ̀ pé ti ṣúgà lẹ ń lọ rà, tí ẹni tó wà ní káńtà sì sọ pé oògùn ọpọlọ ni èyí tó mú wá, ojú yín á là lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kíyè sí àmì kékeré tó wà láàárín nọ́ńbà. 5.0 lè di 50 lójú ẹni tó ń kánjú, .5 lè di 5, wọ́n sì lè ka lẹ́tà U tí wọ́n fi ń kọ units insulin bí òdo, kí 10U di 100. Ẹ ní kí wọ́n fẹnu sọ nọ́ńbà náà, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú ìwé.

Tí fámásì bá ní òun ò ní èyí tí wọ́n kọ, ẹ má gba òmíràn láìpe wọ́ọ̀dù. Ẹ ya páálí rẹ̀ ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kó fi han dókítà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ tàbí antibiotic, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri tàbí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì tí kò ní fámásísì. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ wo bóyá ìdérí rẹ̀ ti ṣí rí. Oògùn ibà àti antibiotic púpọ̀ ní ibi tí wọ́n ń họ lára páálí, ẹ họ ọ́, ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n kọ síbẹ̀, èsì á wọlé sórí fóònù yín.

Insulin tí wọn kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Tó bá jẹ́ Òdógùnyàn lẹ ti ń gbé e bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án gangan, ẹ gbé e sínú fúláàsì tí yìnyín wà nínú ẹ̀, kí ẹ fi aṣọ wé e kó má fara kan yìnyín náà, torí tó bá ti dì, ó ti bàjẹ́, kò ṣeé gún mọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ to oògùn tí ẹ rà kalẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì, ẹ mú bébà náà dání, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Riṣíìtì ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín.

4. Kí abẹ́rẹ́ tó wọlé

Àwọn nọ́ọ̀sì ní nǹkan márùn-ún tí wọ́n kọ́ wọn láti yẹ̀ wò: ẹni tó yẹ, oògùn tó yẹ, ìwọ̀n tó yẹ, ọ̀nà tó yẹ kó gbà wọlé, àkókò tó yẹ. Ẹ̀yin náà ẹ máa fi márùn-ún yẹn ṣọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dákẹ́ torí ọ̀wọ̀, wọn ò fẹ́ kó dà bíi pé àwọn ń kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ abẹ́rẹ́ yìí àti iye ẹ̀, kí n lè kọ ọ́ sínú ìwé wa?" Kò sí ìjà nínú ìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ dá yín lóhùn á ní láti tún wo ara ìgò náà kó tó pe orúkọ ẹ̀, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn. Tó bá jágbe mọ́ yín, ẹ má jágbe padà, ẹ lọ bá mátírọ́nù. Òfin wà lẹ́yìn yín: National Health Act ti ọdún 2014, abala 23, sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú fún aláìsàn ní èdè tó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ lè ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá.

Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ insulin tó ń bá oúnjẹ rìn, oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un nígbà tí ẹni tó lọ ra oúnjẹ ṣì wà nínú gó-sìlóò ní Benson.

Ti ọmọdé gba àfiyèsí. Kílò ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn wọn, nítorí náà ẹ rí i pé wọ́n gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, kí wọ́n má fojú wò ó. Paracetamol ọmọdé, 10 sí 15 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan ni lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí 4 sí 6 kí wọ́n tó fún un lómìíràn, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Sírọ́ọ̀pù ẹ̀ sábà máa ń ní 120 tàbí 125 mg nínú 5 ml, àmọ́ drops ti ìkókó máa ń ní 100 mg nínú 1 ml péré! Ẹni tó bá wọn 5 ml drops bí ẹni pé sírọ́ọ̀pù ni, ìlọ́po mẹ́rin ló fún ọmọ yẹn. Ẹ ka ara ìgò. Ṣíbí tí a fi ń jẹun kì í ṣe ohun ìwọ̀n. Fún àgbàlagbà, hóró 500 mg mẹ́jọ lójúmọ́ ni òpin ẹ̀, ẹ sì rántí pé Paracetamol wà nínú Panadol, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn, nítorí náà ẹ má máa yọ òmíràn fún un lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì nígbà tí nọ́ọ̀sì ti fún un.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un tán, ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bí alájọ ṣe ń sàmì sí káàdì kó tó kúrò níwájú oníbàárà. Orúkọ, iye, aago, ẹni tó gún un, bí ara aláìsàn ṣe rí lẹ́yìn ìdajì wákàtí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tí ẹ bá ṣí ìwé náà ní alẹ́, ṣé ẹ lè sọ aago tí oògùn kọ̀ọ̀kan máa tún tó? Tí ẹ ò bá lè sọ ọ́, nǹkan kan sọnù láàárín, ẹ lọ bèèrè kí ilẹ̀ tó mọ́.

5. Dírípù àti ẹ̀jẹ̀

Ti dírípù ò gùn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára báàgì, ẹ wo bóyá omi inú ẹ̀ mọ́ gaara, ẹ bèèrè wákàtí mélòó ló yẹ kó fi tán, kí ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀. Tí ọwọ́ bá wú, tó ń ta á, tàbí tó pupa níbi tí abẹ́rẹ́ wà, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan tí wọ́n fi ń dín in kù tàbí fi kún un, kódà tí aláìsàn bá ń yán hànhàn láti lọ sílé ìtọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá tẹni mu lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Tí báàgì bá dé, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì méjì, tàbí nọ́ọ̀sì àti dókítà, jọ kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: orúkọ aláìsàn, blood group ẹ̀ àti ti inú báàgì, nọ́ńbà báàgì àti nọ́ńbà tó wà lórí ìwé crossmatch, ìwé láàbù tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ náà bá tiẹ̀ mu, ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ bèèrè pé ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, hepatitis B àti C, àti syphilis. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ibà, ìfúnpá àti bí ọkàn ṣe ń lù kí wọ́n tó ṣí i.

Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, ẹ má kúrò níbẹ̀, ẹ má gba ìpè, ẹ má lọ ra omi. Tí ara ẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí ibà dé, tí ara ń yún un, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí àyà ń há, tí èémí ò lọ dáadáa, tàbí tó ní "ẹ̀rù ń bà mí, ara mi ò yá", ẹ kígbe pe nọ́ọ̀sì kó dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ìtọ̀ tó bá dúdú lẹ́yìn náà, ẹ sọ. Báàgì kan ò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí 4 lọ látìgbà tó ti kúrò nínú fíríìjì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nínú ìwé yín, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó tán, nọ́ńbà báàgì, àti bí ara ṣe rí ní ìṣẹ́jú 15.

6. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń pààrọ̀, àti nígbà tí wọ́n bá ń gbé yín lọ síbòmíì

Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, nọ́ọ̀sì ń pààrọ̀. Àkókò yẹn ni oògùn máa ń di ẹ̀ẹ̀mejì tàbí kó di àwátì, torí ẹni tó ń lọ sílé ti gún un àmọ́ kò tíì kọ ọ́, ẹni tó wọlé rò pé wọn ò tíì gún un. Ẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé yín. Tí ẹni tuntun bá gbé abẹ́rẹ́ dé, ẹ ní "Ẹ káàbọ̀ mà. Wọ́n ti gún Ceftriaxone ní aago mẹ́fà o, ó wà nínú ìwé wa níbí." Á lọ wo fáìlì.

Tí wọ́n bá ń gbé yín láti Ìkòròdú lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí Jẹ́nẹ́rà Gbàgádà, ẹ mọ̀ bí Máìlì 12 àti Kétu ṣe máa ń rí. Ẹ má gbéra láìjẹ́ pé dókítà ti pe ibẹ̀, wọ́n ti ní bẹ́ẹ̀dì wà. Ẹ bèèrè bóyá ọ́síjìn inú áńbúláǹsì máa tó fún gbogbo ọ̀nà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá wà. Kí ẹ gba lẹ́tà, kí ẹ kà á: ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń ṣe é, oògùn tí wọ́n ti fún un, iye ẹ̀, àti aago tó kẹ́yìn. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "for further management" nìkan, ẹ dá a padà kí wọ́n parí ẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹni tó gbà yín níbi tuntun, ṣé ó ti ka lẹ́tà náà níwájú yín?

7. Tó bá kan tíátà

Ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ ní kí dókítà fi ẹnu ara ẹ̀ sọ iṣẹ́ abẹ tó fẹ́ ṣe àti ẹ̀gbẹ́ tó wà, ọ̀tún ni àbí òsì, kó fi íńkì sàmì sí ibẹ̀ nígbà tí ojú aláìsàn ṣì là. Ẹ sọ fún dókítà tí aláìsàn bá ń lo aspirin. Ẹ yọ eyín àtọwọ́dá. Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ wọnú fún wákàtí 6, omi lásán fún wákàtí 2, àfi tí wọ́n bá sọ ohun míì fún yín. Ẹ má fún un ní ẹ̀kọ tútù ní bòókẹ́lẹ́ nítorí àánú, ó lè padà sọ́nà ọ̀fun, kó wọ ẹ̀dọ̀fóró.

WHO ní ìwé kan tí wọ́n ń kà sókè nínú tíátà, kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, àti kí ó tó jáde. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní ọsibítù mẹ́jọ, ìwádìí tó jáde ní 2009, ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bọ́ láti ìdá 1.5 nínú 100 sí 0.8. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń lò ó. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni.

8. Tí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀

Aláìsàn lẹ kọ́kọ́ máa wò. Ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ pe dókítà, ẹ sọ ohun tí ẹ rí àti aago rẹ̀. Ẹ bèèrè pé kí ni wọ́n máa ṣe báyìí láti dá a dúró, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ìgò abẹ́rẹ́, sìríńjì tàbí báàgì ẹ̀jẹ̀ nù, ẹ yà wọ́n ní fọ́tò pẹ̀lú aago.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lu nọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn dé egungun, ṣùgbọ́n ọsibítù tí wọ́n ti ń lu òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń fi àṣìṣe tó tẹ̀lé e pamọ́, ọmọ ẹlòmíì ló máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ yẹn.

Tí ara bá ti rọlẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ọsibítù náà: ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ oògùn, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ìwé kékeré yẹn ló máa bá yín sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba, ẹ bèèrè ọ́fíìsì SERVICOM wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn aráàlú. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, HEFAMAA ni ilé-iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọsibítù, ti ìjọba àti ti aládàáni. MDCN, ìyẹn Medical and Dental Council of Nigeria, ló ń gbọ́ ẹjọ́ dókítà, Nursing and Midwifery Council ló ń gbọ́ ti nọ́ọ̀sì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ̀dà lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí pé àwọn gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á.